Idà Tí Lájùwọ̀n Kò Fi Rúbọ

Oorun kọ Lájùwọ̀n sílẹ̀. Àìsàn kọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ̀fọ̀ nínú ilé rẹ̀. Oyè ni. Láti ìgbà tí Jagun àgbà ti papò dà, tí ìlú Ìdóṣà kò ti ní ẹni tí yóò ṣáájú ogun mọ́, ni ọkàn ọkùnrin yìí ti ń hó bí ìkòkò ẹ̀kọ. Òkèlè a dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, a dúró níbẹ̀, bí ẹni pé òun náà ń retí ìránṣẹ́ ọba. Aya rẹ̀ a bi í léèrè iṣu, òun a fi ọ̀rọ̀ ogun dá a lóhùn.

Ìdílé rẹ̀ ni oyè náà kàn. Bàbá rẹ̀ ti jẹ Jagun rí, ó sì fi idà kan sílẹ̀ fún un, idà tí èèkù rẹ̀ jẹ́ idẹ, tí wọ́n ń pè ní Má-bojú-wẹ̀yìn. Epo ni Lájùwọ̀n fi ń nu idà náà láràárọ̀ kí ó tó bọ́jú ara rẹ̀. Bí ó bá ti ń nù ún, tí kò sì sí ẹnikẹ́ni nítòsí, ètè rẹ̀ a máa mì díẹ̀díẹ̀: ó ń ki ara rẹ̀ bí wọn yóò ṣe máa kì í lọ́jọ́ tí ó bá joyè.

Ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ni ojú rẹ̀ wà lára oyè. Ẹ̀rìnfọ́lámí, ọmọ ojúlé kejì nínú ìdílé kan náà, ń wá a pẹ̀lú. Ó kéré sí Lájùwọ̀n lọ́jọ́ orí. Akólòlò ni, inú rẹ̀ kì í sì í pẹ́ bí. Ó ti fọ́ ìkòkò ara rẹ̀ rí nítorí pé ìkòkò náà kò tètè hó. Èyí kò ba Lájùwọ̀n lẹ́rù púpọ̀. Ohun tí ó bà á lẹ́rù wà lára òun fúnra rẹ̀.

Àpá kan wà ní ẹ̀yìn Lájùwọ̀n, láti èjìká dé ìbàdí. Ní Ìdóṣà, àpá iwájú ni ti akin; ẹni tí ọ̀tá bá ṣá lẹ́yìn, ẹni tí ó ń sá lọ ni. Obìnrin tí ó wẹ ọgbẹ́ náà fún un kò lè pa ẹnu mọ́, nítorí náà gbogbo ìlú mọ̀ pé àpá wà níbẹ̀. Bí ó ṣe débẹ̀ gan-an, ẹnì kan ṣoṣo ni ó mọ̀ ọ́n, Abídogun afíngbá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré. Ní ogun Ìpèsì, ọfà gún Abídogun lẹ́sẹ̀, ó ṣubú. Àwọn tó kù ti kọjá lọ. Lájùwọ̀n padà, ó bẹ̀rẹ̀ láti gbé e, ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ọ̀tá ti fi àdá la ẹ̀yìn rẹ̀. Síbẹ̀ kò jù ú sílẹ̀. Ó gbé e dé ilé, ẹ̀jẹ̀ ń kán sí gìgísẹ̀ rẹ̀.

Abídogun fẹ́ sọ ọ́ fún ayé, Lájùwọ̀n kò jẹ́. "Akin kì í tọrọ ẹlẹ́rìí," ni ó wí. "Bí o bá sọ ọ́, wọn yóò ní mo rán ọ ni. Ọjọ́ tí o bá dárúkọ ẹ̀yìn mi láwùjọ, ọjọ́ náà ni a kò ṣe ọ̀rẹ́ mọ́." Láti ìgbà náà ni Lájùwọ̀n kò ti bọ́ ẹ̀wù níta mọ́. Bí oòrùn ti wù kí ó mú tó lóko, tòun ti ẹ̀wù ni yóò kọ ebè.

Ẹ̀rù yìí kì bá tó nǹkan bí kì í bá ṣe ti Ọjọ́ Ẹ̀gàn. Kò sí ẹni tí ń jẹ Jagun ní Ìdóṣà láìla ọjọ́ yìí kọjá. Ẹni tí ń wá oyè yóò fi màrìwò wé idà rẹ̀, yóò gbé e sí èjìká, yóò sì rìn láti ibodè dé ẹnu géètì ààfin. Gbogbo ìlú yóò dúró sí ọ̀nà méjèèjì, wọn yóò sì máa bú u bí ó ti wù wọ́n. Lọ́jọ́ náà, ọmọdé lè fi "ìwọ" pe àgbà. Àwọn baba ńlá wa ní ẹni tí a fẹ́ fi ohun ìjà ìlú lé lọ́wọ́, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ìlú ni yóò fi pa. Bí ó bá ta ẹ̀jẹ̀ ọmọ ìlú sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, oyè ti bọ́, ó sì di aláìnílùú.

Ẹ̀gàn ìkẹyìn wà ní ẹnu géètì. Ẹni tí ó súnmọ́ olùwá-oyè jù lọ ni ń sọ ọ́, òun ni ó sì máa ń korò jù, nítorí ẹni tí ó mọ ilé ni ó mọ ibi tí ògiri ti là. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti sọ ọ́ tán, òun kan náà ni yóò yí ẹnu padà, tí yóò fi ìyìn bo ibi tí ó ti fi ẹ̀gàn ṣí. Lẹ́yìn ìyìn ni géètì ń ṣí. Lájùwọ̀n mọ àṣà yìí bí ó ti mọ ọ̀nà oko rẹ̀.

Ọjọ́ náà súnmọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó dìde, ó wọ bàtà, ó gba ilé Efúnyẹmí lọ. Ìyálóòṣà ni Efúnyẹmí, àgbà obìnrin tí ń fi owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún bi òrìṣà léèrè ọ̀rọ̀. Nígbà tí Lájùwọ̀n wọlé, ìyálóòṣà ń fi omi ṣan igbá, ó sì ṣan án tán kí ó tó gbójú sókè. Lájùwọ̀n dọ̀bálẹ̀, ó sọ ohun tí ó gbé e wá. Efúnyẹmí tẹ́ aṣọ funfun sórí àtẹ, ó da owó ẹyọ náà. Mẹ́ta ṣí ojú sókè. Ìyókù dojú bolẹ̀.

"Ògúndá nìyí," ni ìyálóòṣà wí, ohùn rẹ̀ sì yí padà:

"Idà kò mọ ọmọ ẹni tí ó ni ín,
Iná kò mọ ahéré ẹni tí ó dá a,
Ìbínú kò mọ ilé ẹni tí ó gbà á lálejò,
A dá a fún akọni méjì
Tí wọn ń lọ gba oyè ní ojúde ọba.
Wọ́n ní kí wọ́n fi irin sílẹ̀ kí wọ́n tó jáde,
Kí ọwọ́ má baà ṣe ohun tí ojú yóò sunkún lé."

Lájùwọ̀n súnmọ́ àtẹ. "Ìyá, ṣé oyè wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀. Ó súnmọ́ ọ bí àtẹ́rígbà ṣe súnmọ́ orí ẹni tí ń wọlé. Ẹni tí kò bá tẹríba ni yóò fi orí gbá a."

"Kí ni ẹbọ?"

"Àgbébọ̀ adìẹ méjì, ìgbín, ẹfun, aṣọ funfun kan."

"Ó ti wà nílẹ̀, ìyá! Kí oòrùn tó ga yóò ti dé." Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde.

"Jókòó. N kò tíì parí. Idà rẹ."

Lájùwọ̀n wò ó. "Idà wo?"

"Mélòó ni o ní? Gbé e lọ sí ibú odò, kí o jù ú síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, wá igi, kí o gbẹ́ ẹ ní ìrí idà, kí o fi màrìwò wé e. Igi ni kí o gbé lọ́jọ́ ẹ̀gàn. Kò sí ẹni tí yóò mọ̀."

"Èmi yóò mọ̀," ni Lájùwọ̀n wí.

"Ìwọ gan-an ni òrìṣà fẹ́ kí ó mọ̀."

Ẹ̀jẹ̀ gun ọkùnrin náà lójú. Ó ní, "Ìyá, ẹ dákun. Ṣé ọmọdé tí ń fi igi jagun lẹ́yìnkùlé ni mo jẹ́? Irin ni bàbá mi gbé kọjá lọ́jọ́ tirẹ̀. Wọ́n bú u, kò ṣe nǹkan kan. Ṣé sùúrù tèmi kò tó ni?"

"Ẹni tí sùúrù rẹ̀ bá tó, kí ni igi yóò gbà lọ́wọ́ rẹ̀?"

Lájùwọ̀n ń wo àwọn owó ẹyọ náà, ó ń wo ẹnu wọn tóóró, tí ó dà bí ẹnu ẹni tí ń mú ẹ̀rín mọ́ra. Nígbẹ̀yìn, ó ní, "Gbogbo tó kù ni n óò rú. N óò fi àgbò ńlá kan lé e, èyí tí òrìṣà kò tilẹ̀ bèèrè, kí ó fi rọ́pò idà."

Efúnyẹmí ń kó owó rẹ̀ jọ. "Ẹbọ kì í ṣe ọjà, Lájùwọ̀n. A kì í ná an."

Ní ẹnu ọ̀nà, Lájùwọ̀n pàdé Ẹ̀rìnfọ́lámí tí ń bọ̀, obì lọ́wọ́. Ẹ̀rìnfọ́lámí yára dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ̀-ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àárọ̀."

"Àárọ̀ o. Ìwọ náà wá gbọ́ bóyá oyè kàn ọ́?"

"Rá-rárá o. Mo wá bi wọ́n bí n óò ṣe pa-pa ẹnu mọ́ ni."

"Ìyẹn rọrùn fún ọ," ni Lájùwọ̀n wí. "Kí o tó sọ èsì tán, wọn yóò ti lọ sílé." Ó rẹ́rìn-ín ara rẹ̀ títí ó fi dé oríta.

Ìròyìn kò pẹ́ kàn án pé ọ̀rọ̀ kan náà ni ìyálóòṣà bá Ẹ̀rìnfọ́lámí sọ, àti pé Ẹ̀rìnfọ́lámí ti gbé idà rẹ̀ lọ sí ibú odò. Idà náà kì í ṣe idà yẹpẹrẹ. Ìyá rẹ̀ ni ó hun aṣọ títí ojú rẹ̀ fi ń ṣe bàìbàì kí ó tó rà á fún un. Àwọn tí ó rí i ní ó dúró létí omi pẹ́, ó ń fi ọwọ́ ra idà náà bí ẹni ra orí ọmọ, kí ó tó jù ú. Lájùwọ̀n gbọ́, ó ní, "Ẹni tí ó ju ohun ìjà nù ni ó fẹ́ jẹ Jagun! Kí ó lọ jẹ Olórí Apẹja." Ó rú àgbébọ̀, ó rú ìgbín, ó rú ẹfun àti aṣọ funfun. Ó fa àgbò ńlá lọ sí ilé Efúnyẹmí. Ìyálóòṣà gba ìyókù, ó ní kí ó máa fa àgbò rẹ̀ padà.

Nígbà tí ó ku ọ̀la, Abídogun tiro wá sí ilé rẹ̀, igbá kan lábẹ́ apá, ọ̀bẹ ìfíngbá lọ́wọ́. Kì í rìn láìmú iṣẹ́ dání.

"Ta ni yóò sọ ẹ̀gàn ìkẹyìn fún ọ?" ni ó bi í.

"Ta ni ìbá tún sọ ọ́ bí kò ṣe ìwọ?"

"Háà, o ti kú! N óò bú ọ débi pé bàbá rẹ yóò jókòó nínú sàréè, yóò ní, 'Ṣé èmi ni mo bí eléyìí?'"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Lájùwọ̀n ní, "Bú mi bí ó bá ti wù ọ́. Bú orí mi, bú oko mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn mi…"

"Mo ti gbọ́," ni Abídogun wí. Ó tẹ orí ba, ó ń fín igbá rẹ̀, ó fẹ́ eruku igbá tí ó wà lójú ọ̀bẹ dànù. Kò sọ pé òun yóò mẹ́nu kàn án, kò sì sọ pé òun kò ní í mẹ́nu kàn án. Lájùwọ̀n ìbá bi í léèrè sí i, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ti wà ní ààfin.

Ọjọ́ Ẹ̀gàn mọ́. Áà, ìlú kún! Àwọn ọmọdé gun orí igi, àwọn àgbà gbé àpótí wọn jáde, àwọn tí wọn kò tíì bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ọdún tó kọjá ń fún ara wọn láyè dúró. Èyí àbúrò ni ó máa ń kọ́kọ́ rìn, nítorí náà Ẹ̀rìnfọ́lámí ni ó ṣáájú, màrìwò léjìká. Lájùwọ̀n dúró ní ibodè, ó ń wò ó.

"Ja-ja-ja-jagun!" ni àwọn èwe fi ohùn rẹ̀ pè é. "Ọ̀tá ti dé, sọ pé kí a gbé-gbé-gbé ọfà!"

"Ẹ má rán an níṣẹ́ ogun o," ni obìnrin kan kígbe. "Kí ó tó ní 'Ẹ sá,' ogun yóò ti kó wa!"

Ẹ̀rìnfọ́lámí ń rìn, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀. Ó dé iwájú Àlàmú adẹ́mu. Apárí ni Àlàmú, orí rẹ̀ ń dán bí igbá tí a fi òrí pa. Àlàmú na ọwọ́, ó ní, "Ẹ̀rìnfọ́lámí! Wọ́n ní nígbà tí bàbá rẹ ń kú lọ, ó ní kí o wá gba ìre. O ní, 'Bà-bà-bà,' o ń wá ọ̀rọ̀ títí bàbá fi kú. Ìre ta ni o fẹ́ fi joyè?"

Ojú Ẹ̀rìnfọ́lámí pọ́n bí ẹyin iná. Gbogbo ènìyàn rí i, wọ́n sì fà sẹ́yìn. Ó pariwo, kò kólòlò rárá, ó gbé màrìwò sókè tagbáratagbára, ó sì sọ ọ́ kalẹ̀ sórí apárí Àlàmú. Àwọn obìnrin di ojú. Ohun tí etí gbọ́ ni, "Kaka!" Igi ṣẹ́ sí méjì. Apá kan fò lọ sáàárín èrò.

Àlàmú dúró sójú kan. Ó fi ọwọ́ kan orí. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀: kò sí ẹ̀jẹ̀. Kókó kan rọra ń yọ lórí rẹ̀ bí olú. Ó ní, "Igi ni!" Ẹ̀rín bẹ́ sílẹ̀, ó kọjá láti òpin èrò kan dé èkejì. Ẹ̀rìnfọ́lámí wo igi tí ó kù lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo Àlàmú, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú adẹ́mu náà. "Dá-dákun," ni ó ń wí. "Dákun, ọmọ bàbá mi." Ó dìde, ó gbé igi ṣíṣẹ́ sí èjìká, ó rìn ín dé ààfin láàárín yẹ̀yẹ́.

Lájùwọ̀n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Oyè ti bọ́ sí òun lọ́wọ́! Ta ni yóò fi akólòlò onígi jẹ Jagun? Ó gbé Má-bojú-wẹ̀yìn sí èjìká nínú màrìwò rẹ̀, ìwúwo irin náà sì dùn mọ́ ọn lára. Ó bọ́ sí ojú ọ̀nà.

Wọ́n bú u. "Lájùwọ̀n, àyà rẹ ti dé ojúde, ìwọ ń bọ̀ lẹ́yìn!" "Ẹ yà fún un o, òjìji rẹ̀ ń fẹ́ àyè!" Ó ń rìn. Àgbà obìnrin kan ní, "Idà bàbá rẹ ni o mọ̀ ọ́n nù. Nígbà wo ni o nu ojú aya rẹ?" Èyí wọ̀ ọ́ lára díẹ̀, nítorí òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń rìn. Ọmọ kékeré kan tí eyín iwájú rẹ̀ ti yọ kígbe láti orí igi pé, "Ẹni tí ń wẹ̀ tòun ti ẹ̀wù!" Ọwọ́ Lájùwọ̀n le mọ́ èèkù idà. Ó ka igi tó wà níwájú rẹ̀ fún ara rẹ̀: odán, akòko, géètì. Díẹ̀ ló kù. Ó ń rìn.

Ó dé ẹnu géètì. Ọba àti àwọn ìjòyè ti jókòó lókè. Abídogun dúró níbẹ̀, ó wọ ẹ̀wù tuntun, ó fi ọ̀pá gbé ara dúró. Ojú rẹ̀ ń dán bí ti ẹni tí ó gbé ẹ̀bùn pamọ́ sẹ́yìn.

"Ìwọ Lájùwọ̀n!" ni ó ké, ohùn rẹ̀ sì dé ibodè. "Èmi bá ọ dé Ìpèsì. Kí àwọn tí kò bá ọ dé ibẹ̀ gbé ẹnu wọn dákẹ́. Èmi ni mo rí ẹ̀yìn rẹ! Ìlú, ẹ bi í! Iwájú ni ọ̀tá wà. Báwo ni àdá ṣe bá a lẹ́yìn? Lájùwọ̀n, kí ni o kọ ẹ̀yìn sí ogun fún? Bọ́ ẹ̀wù rẹ kí a rí i!"

"Héè!" ni èrò wí.

Lájùwọ̀n gbọ́, kò sì gbọ́ nǹkan mìíràn mọ́. Ìyìn tí ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀gàn, ó mọ̀ ọ́n; kò rántí rẹ̀. Ohun tí ó rí ni ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tí ó mọ òótọ́, tí ó sì ń fi òótọ́ náà bọ́ òun síhòòhò níwájú ọba. Abídogun ti mí sínú gidigidi, ó ti la ẹnu láti sọ èyí tó kù. Màrìwò ti já. Irin ti jáde.

Nígbà tí ojú Lájùwọ̀n yóò fi là, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti wà nílẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì di ojú ọgbẹ́ tí kò ṣe é dì.

Ẹnikẹ́ni kò mira. Abídogun di ọrùn ẹ̀wù Lájùwọ̀n mú. Kò wò ó. Èrò ni ó ń wò. Ó ní, "N kò tíì parí." Ohùn rẹ̀ ti dín kù, ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ náà gbé e dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn. "Nítorí tèmi ni ó ṣe kọ ẹ̀yìn sí wọn. Mo ṣubú. Ẹ ti lọ. Òun ni ó padà. Ó bò mí mọ́lẹ̀, àdá tí ó yẹ kí ó bà mí ni ó bà á. Kò sí… kò sí akin tí ó tó o ní Ìdóṣà." Ó wá yíjú sí Lájùwọ̀n. "Ìyìn rẹ nìyẹn, ọ̀rẹ́. Ó kù díẹ̀ ni. O kò jẹ́ kí n mí."

Ibẹ̀ ni ó kú sí.

Lájùwọ̀n fa idà rẹ̀ wá, ó tẹ́ ẹ síwájú ọba, ó dojú bolẹ̀. "Kábíyèsí, ẹ pa mí. Mo bẹ̀ yín, ẹ pa mí."

Ọba sunkún, ṣùgbọ́n kò yí òfin padà. "A ti ta ẹ̀jẹ̀ kan sílẹ̀ lónìí," ni ó wí. "Ìlú kò ní í fi èkejì kún un. Máa lọ, Lájùwọ̀n." Wọ́n ṣí ọ̀nà fún un láàárín èrò. Ẹnikẹ́ni kò bú u mọ́. Ó rìn padà láàárín ìdákẹ́jẹ́ náà dé ibodè, ó sì jáde.

Lẹ́yìn tí wọ́n ti sin Abídogun, tí ọ̀fọ̀ ti rọlẹ̀, àwọn ìjòyè pàdé lórí ọ̀rọ̀ oyè. Àwọn kan ní Ẹ̀rìnfọ́lámí náà kò kọjá, nítorí ó lu ọmọ ìlú. Ọba ránṣẹ́ pè é.

"Ta ni ó ní kí o gbé igi?"

"Ìyálóòṣà ni, Ká-Kábíyèsí. Ẹbọ ni."

"Bí ó bá jẹ́ irin ńkọ́?"

"Àlàmú ìbá ti kú, Kábíyèsí. Mo mọ ara mi. Ì-ìyẹn ni mo ṣe gbà."

Àlàmú kò dúró kí wọ́n bi í. Ó dìde láàárín àwọn ará ìlú, ó ní, "Kábíyèsí, orí ń fọ́ mi, n kò purọ́. Ṣùgbọ́n ọrùn ni orí náà ṣì wà. Ẹ fi í joyè, kí n lè rí ẹni tí yóò máa ra ẹmu mi!"

Wọ́n fi Ẹ̀rìnfọ́lámí jẹ Jagun. Ìlú ni ó ra idà tuntun fún un, ìyá rẹ̀ ni wọ́n sì ní kí ó fi lé e lọ́wọ́. Ó pẹ́ lórí oyè. Bí inú bá bí i, ó ti kọ́ láti máa bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí ó wà lọ́wọ́ òun, ogun àti ìjà ilé sì dín kù ní Ìdóṣà ní ìgbà tirẹ̀. Ó ń yin Efúnyẹmí, Efúnyẹmí ń yin òrìṣà.

Lájùwọ̀n dá oko sí ẹ̀bá ọ̀nà kan tí ó jìnnà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn arìnrìn-àjò yà láti mu omi lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ń kọrin bí ó ti ń bu omi, orin ọkùnrin Ìdóṣà kan tí ó padà sójú ogun, tí ó fi ẹ̀yìn ara rẹ̀ bo ọ̀rẹ́ rẹ̀, akin tí kò ní ẹlẹ́gbẹ́. Orúkọ Lájùwọ̀n ni ó wà nínú orin náà. Wọ́n ti ń kọ ọ́ káàkiri.

"Bàbá, ọ̀nà Ìdóṣà gba ibí kọjá," ni arìnrìn-àjò náà wí. "Ṣé ẹ mọ Lájùwọ̀n?"

Àgbàlagbà náà gba igbá lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Rárá. N kò mọ̀ ọ́n." Ó sì wọlé.

Báyìí ni Ògúndá wí. Ẹni tí ó rú ẹbọ rẹ̀ pé, ó rí ayé gbé. Ẹni tí ó rú èyí tí kò dùn ún, tí ó fi èyí tí ó dùn ún pamọ́, èyí tí ó fi pamọ́ ni ó sọ ọ́ di ẹni àbámọ̀.